Bí mo ṣe fi nẹ́tíwọ̀kì ilé ìwé kan kọ́ṣẹ́ n'Íbàdàn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wáṣẹ́ network admin (ẹni tó ń bójú tó nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ǹpútà), ẹ mọ̀ pé "ṣé o ti ṣe é rí?" ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín, sàtífíkéètì nìkan ò sì lè dáhùn ìyẹn. Packet Tracer ti Cisco, ètò orí kọ̀ǹpútà téèyàn fi ń dánra wò láìsí wáyà gidi, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ó dáa gan-an, àmọ́ eku kì í jẹ wáyà inú ẹ̀. Mo bá lọ bá ìyá tó ni ilé ìwé kan ládùúgbò wa, mo ní "Mà, ẹ jẹ́ kí n bá yín tún íntánẹ́ẹ̀tì yín ṣe, mi ò ní gbowó iṣẹ́, ẹ ṣáà ra irinṣẹ́." Wọ́n gbà.

Wáyà ni mo kọ́kọ́ kojú, ẹ má fojú kéré ẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá bó Cat6, ìyẹn wáyà nẹ́tíwọ̀kì, wáyà tín-ín-tín mẹ́jọ lẹ máa bá níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tò ó ní T568B, ọ̀kan lára ìlànà títo àwọ̀ wáyà, nìyí: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-gíríìnì, búlúù, funfun-búlúù, gíríìnì, funfun-búráùn, búráùn. Ẹ gé orí ẹ̀ kó dọ́gba, ẹ tì í wọnú RJ45 (orí oníke tó ń wọ ihò nẹ́tíwọ̀kì) títí tẹ́ ẹ fi máa rí bàbà ẹ̀ níwájú kẹ́ ẹ tó crimp ẹ̀ (kẹ́ ẹ fi irinṣẹ́ tẹ̀ ẹ́ pa), awọ ìta náà gbọ́dọ̀ wọlé díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọmọ kan á fẹsẹ̀ kọ́ ọ, ó ti já nìyẹn.

Router MikroTik oníhò márùn-ún ni wọ́n rà, òun ló ń so nẹ́tíwọ̀kì kan mọ́ òmíì. Switch ọ́fíìsì (àpótí tí wáyà àwọn kọ̀ǹpútà ń wọ̀) wà lórí ihò kejì, àdírẹ́ẹ̀sì tibẹ̀ ni 192.168.10.x, ti yàrá kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ wà lórí ìkẹta, 192.168.20.x. Mo wá kọ firewall (òfin tó ń dènà ohun tí kò yẹ kó kọjá) sáàárín wọn, torí máàkì àwọn ọmọ àti àkọsílẹ̀ owó wà lọ́fíìsì, bẹ́ẹ̀ router á máa gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀kan sí èkejì tẹ́ ò bá dá a dúró, ọ̀pọ̀ ò mọ̀yẹn.

Ibi tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù rèé. Kọ̀ǹpútà kan lọ́fíìsì, tó bá rí íntánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, ó lè má rí i lọ́sàn-án. Mo tẹ ipconfig /all, àṣẹ tó ń fi àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ǹpútà hàn, kí ni mo rí, 192.168.0.x, gateway ẹ̀ (ẹnu ọ̀nà tó ń gbà jáde) kì í sì í ṣe MikroTik wa. Ẹlòmíì ń pín àdírẹ́ẹ̀sì nínú ilé nìyẹn! Mo fi ping -t, àṣẹ tó ń pe ẹ̀rọ kan léraléra láti mọ̀ bóyá á dáhùn, sórí gateway àjèjì yẹn, mo ń yọ wáyà lára switch lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí mo yọ tí ping dákẹ́, òun ni mo tẹ̀lé dé ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, router WiFi àtijọ́ tí gbogbo èèyàn ti gbàgbé ló wà níbẹ̀, iná ẹ̀ ń ṣẹ́jú. Mo pa DHCP ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì, mo fún un ní 192.168.10.2, òun náà ti di access point, tó kàn ń gbé WiFi jáde.

Mo lẹ nọ́ńbà mọ́ gbogbo wáyà, mo fi backup sílẹ̀ fún wọn, mo ya gbogbo ẹ̀ sórí ìwé. Ìwé yẹn ni mo gbé lọ síbi intafíù, orí ẹ̀ ni wọ́n sì ti bi mí ní èyí tó pọ̀ jù nínú ìbéèrè wọn.