Bí A Ṣe Ń Yan Idẹ àti Irin Ọ̀ṣọ́ fún Ìbọn Gígùn Àtijọ́ ti Amẹ́ríkà

Àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn tó ti Jámánì ṣí lọ sí Pennsylvania ló dá ìbọn gígùn yìí sílẹ̀ ní ọ̀rúndún 18. Bíi ti ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa, ẹnu ni a ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sí i. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣì ń ṣe é ní Amẹ́ríkà títí dòní, ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi iṣẹ́ ṣe.

Kí o tó ra ohunkóhun, mú ìlú kan àti àkókò kan. Idẹ ló yẹ ìbọn ìlú Lancaster, ní Pennsylvania, ti nǹkan bí 1780. Àpótí kékeré kan wà lára ìdí rẹ̀, òdòdó idẹ sì sábà máa ń wà níwájú ìdérí rẹ̀. Ní àwọn òkè Tennessee àti North Carolina, irin tí alágbẹ̀dẹ àdúgbò fọwọ́ rọ ni wọ́n sábà ń lò. Irin náà ni àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn Jacob àti Samuel Hawken lò ní St. Louis, ọ̀ṣọ́ wọn kò sì pọ̀. Òdòdó Lancaster kò ní ibùjókòó lára ìbọn Hawken.

Irin tàbí idẹ ìdí ìbọn, èyí tó ń kan èjìká, ni kí o yàn ṣáájú. Fara balẹ̀ níbí gan-an, torí òun ló ń sọ bí igi yóò ṣe fẹ̀ tó àti bí ìdí rẹ̀ yóò ṣe tẹ̀. Lára àwọn ìbọn àkọ́kọ́, ó fẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ló ń tín-ín-rín, tó sì ń tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tuntun. Gbé e lé igi rẹ kí o tó sanwó. Bí igi bá kéré sí i, pààrọ̀ ọ̀kan nínú méjèèjì. Má fi fáìlì fá a títí yóò fi pàdánù ìrísí rẹ̀.

Èyí tó ń dáàbò bo ibi tí ìka ti ń fa ìbọn, àti àwọn òrùka tí ọ̀pá ìkìbọn ń gbà kọjá, gbọ́dọ̀ bá ti ìdí ìbọn mu ní àwọ̀ àti ìgbà. Bí ó bá jẹ́ idẹ tí wọ́n dà, yí i padà, kí o wo inú rẹ̀ bóyá ihò wà níbẹ̀. Yan èyí tó nípọn, torí fáìlì yóò jẹ nínú rẹ̀.

Ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n ń pè ní fàdákà Jámánì. Bàbà, nikẹ́ẹ̀lì àti síńkì ni, kò sí fàdákà kankan nínú rẹ̀. Ọ̀rúndún 19 ló dé, nítorí náà kò yẹ ìbọn ìgbà Ogun Òmìnira Amẹ́ríkà, tó wáyé ní ọ̀rúndún 18. Fàdákà gidi ni kí o fi ṣe pẹlẹbẹ kékeré tí a ń kọ àmì orúkọ ẹni tó ni ìbọn sí.

Ìràwọ̀ àti àwọn ọ̀ṣọ́ kéékèèké ló kẹ́yìn. Fi ọ̀bẹ mímú fa ìlà yí i ká, gbẹ́ igi, tẹ̀ ẹ́ bọ inú rẹ̀, jẹ́ kó yọ díẹ̀ sókè, kí o wá fi fáìlì fá a títí òun àti igi yóò fi dọ́gba. Má ṣe jẹ́ kó pọ̀ ní ọrùn ìbọn, ibi tín-ín-rín tí ọwọ́ ń dì mú lẹ́yìn ibi tí ìka ti ń fa ìbọn. Gbígbẹ́ púpọ̀ níbẹ̀ lè mú kó ṣẹ́.