Ẹ Yé Ra Ìjẹ Mọ́: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Fífi Ìwọ̀ Pa Ẹja Báàsì

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń fi ìwọ̀ wá báàsì kiri adágún. Ohun tó ń dùn mí jù lọ báyìí kì í ṣe ẹja tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Wọn á gbé àpótí ìjẹ ẹ̀tàn, ìyẹn ohun àtọwọ́dá tó jọ oúnjẹ ẹja, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ju àwọn fúnra wọn lọ wá sétí omi, wọn á sì gbé e padà lọ́wọ́ òfo. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ẹja dà, wọ́n á ní ìjẹ táwọn rà ni kò dáa. Bílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tún lọ ra òmíràn.

Mo gbà pé ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ju ìwọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń ká okùn. N kò ní padà síbẹ̀.

Èkíní: okùn tó ti ha. Lẹ́yìn gbogbo ẹja, lẹ́yìn gbogbo àpáta, ẹ fi ìka méjì fa ìpẹ̀kun okùn yín kọjá. Bó bá ń ha yín lọ́wọ́, ẹ gé e, kí ẹ tún un so.

Èkejì: kókó gbígbẹ. Ẹ fi itọ́ rin ín kí ẹ tó fà á le. Bí okùn gbígbẹ bá ń ha ara rẹ̀, ó máa ń gbóná, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti já.

Ẹ̀kẹta ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ gbogbo èyí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ kì í jẹ́ kí ìjẹ kan sinmi sómi? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á jù ú lẹ́ẹ̀mẹrin, á yọ ọ́, ó ní àwọ̀ rẹ̀ kò dáa. Á so èyí tó pupa, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta, á yọ ọ́. Á so èyí tó ń dún wọroworo, á yọ òun náà. Nígbà tí wákàtí kan bá fi máa pé, ìdajì rẹ̀ ló ti fi so kókó. Ìjẹ tó wà lórí itan kì í pa ẹja.

Mo gbé irú wọn kan sínú ọkọ̀ ojú omi mi rí. Mo kà á: ìjẹ mọ́kàndínlógún, láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Èmi jókòó sídìí ọkọ̀ pẹ̀lú ekòló rọ́bà dúdú kan ṣoṣo tí ìrù rẹ̀ ti já, mò ń wọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kan tó wó sómi. Mo pa mẹ́rin. Ọ̀gbẹ́ni wo ekòló mi, ó ní, "Bàbá, níbo lẹ ti rà á?" Kò bi mí bí mo ṣe ń wọ́ ọ. Kò bi mí ìdí tí mo fi dojú kọ igi yẹn. Níbo lẹ ti rà á! Díẹ̀ ló kù kí n bẹ́ sómi.

Lọ́pọ̀ ìgbà, báàsì kì í lé oúnjẹ kiri. Ó máa ń lúgọ ni: abẹ́ òṣíbàtà, ìdí kùkùté, inú ibòji, etí ibi tí omi ti jìn lójijì. Ohun tó bá kọjá níwájú ẹnu rẹ̀ ló ń bù ṣán. Bí ìjẹ yín kò bá ti kọjá níbẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ dà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́nìkan nínú ẹ̀, tó wá ń pààrọ̀ ọwọ́ tó fi ń kàn án.

Ẹ gbọ́ ná. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 1932, George Perry pa báàsì kan ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, tó wọ̀n tó pọ́n-ùn 22 àti áúnsì 4. Ekòló rọ́bà rírọ̀ irú èyí tí ẹ ń kó jọ yìí, ọdún 1949 ni Nick Creme, ará Amẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 2009, Manabu Kurita pa tirẹ̀ ní adágún Biwa ní Japan, ó sì fi nǹkan bí áúnsì kan ju ti Perry lọ. Òfin àwọn tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹja tó tóbi jù lọ láyé ní ó gbọ́dọ̀ fi áúnsì méjì jù ú, nítorí náà àwọn méjèèjì ló jọ wà ní ipò kìíní. Ọdún 77 tí wọ́n fi ń ṣe oríṣiríṣi ìjẹ jáde, ọ̀mì ni! Kí sì ni Kurita fi pa tirẹ̀? Ẹja kékeré tó wà láàyè.

Kí ẹ má baà rò pé èmi gbọ́n: ọdún kan wà tí mo ra ekòló kan náà ní àwọ̀ mẹ́tàlá. Mo dà wọ́n mọ́ àwọn ìjẹ líle tí wọ́n kùn lọ́dà sínú àpótí kan, mo sì gbàgbé rẹ̀ sínú oòrùn. Nígbà tí mo ṣí i, rọ́bà ti yọ́ mọ́ ọ̀dà, gbogbo ẹ̀ ti di odindi nǹkan kan tí ìwọ̀ yọ jáde lára rẹ̀ bí ẹ̀gún òòrẹ̀. Ó ṣì wà nílé. Ìyàwó mi ń pè é ní ọmọ mi. Nítorí náà, ẹ má kó rọ́bà pọ̀ mọ́ ìjẹ líle, àwọ̀ méjì sì tó yín í bẹ̀rẹ̀: bí omi bá mọ́ gaara, èyí tó jọ ẹja wẹ́wẹ́ ibẹ̀, bó bá rú, dúdú.

Ẹ̀kẹrin, àbí ìkarùn-ún la dé, ni ti ọ̀pọ̀lọ́ rọ́bà. Ẹ jù ú sórí òṣíbàtà, ẹ ń mú un rìn tẹ́ẹ́tẹ́ẹ́, lójijì omi bú gbàù! Ẹni tuntun á já ọ̀pá sókè lójú ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ á sì fò padà wá bá a. Ẹja yẹn kò tíì pa ẹnu dé ni. Ẹ dúró kí ẹ mọ ìwúwo rẹ̀ lọ́wọ́ kí ẹ tó fà á. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, kò tíì pẹ́ tí mo kánjú fà á, tí ìwọ̀ méjèèjì gbá fìlà mi lọ sínú adágún. Fìlà nìkan ni mo mú délé lọ́jọ́ náà.

Okùn fluorocarbon, irú okùn ìpẹja oníke kan, máa ń rì. Ẹ má so ó mọ́ ìjẹ tó yẹ kó léfòó, á máa fa imú rẹ̀ wọlé.

Ìjẹ tó ní ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta kò fẹ́ kí ẹ já a tagbáratagbára. Ẹ ṣáà máa ká okùn lọ, ọ̀pá tó rọ̀ á ṣe ìyókù.

Bí omi bá tutù, ara ẹja náà á wúwo, kò ní sáré tẹ̀lé ohunkóhun. Ẹ wọ́ ìjẹ jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá rò pé ó ti jẹ́jẹ́ tó, ẹ tún dín in kù.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé ọ̀gbẹ́ni inú ọkọ̀ mi. Nígbà tí a ń padà, àánú ṣe mí, mo bọ́ ekòló dúdú náà kúrò lẹ́nu ìwọ̀, mo fi fún un. Ó dúpẹ́ títí. Ó wá ṣí àpótí rẹ̀, ó wá àyè kan fún un láàárín àwọn yòókù, ó sì pa á dé.