Etí pákó MDF ló ń mu ọ̀dà: bí mo ṣe múra àwòṣe agbo ilé sílẹ̀ fún kíkùn

Àwòṣe agbo ilé kan ni mo parí ní Ìlọrin nínú oṣù kẹsàn-án, ní ìwọ̀n 1:100 (sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mítà kan): ilé márùn-ún, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan, gétì, ògiri tó yí wọn ká, àti pákó ìsàlẹ̀ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 45. MDF oní-mìlímítà 3 ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ lésà ló gé e. Kíkùn rẹ̀ kò gbà ju ọjọ́ kan lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dí ojú pákó náà kí ọ̀dà tó kàn án, ibẹ̀ sì ni ẹwà iṣẹ́ náà ti wá.

MDF kì í ṣe igi tí a là. Fọ́nrán igi ni wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù, tí wọ́n wá fi ooru àti ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀. Ojú méjèèjì tí irin ẹ̀rọ tẹ̀ ki, wọ́n sì ń dán. Àárín kò ki tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá gé pákó náà, àárín yẹn ló ń yọjú ní etí, ẹnu fọ́nrán á ṣí sílẹ̀ bíi kànìnkànìn. Ẹ lè kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ojú ti dán, kí etí ṣì máa hu irun. Bó bá jẹ́ ọ̀dà olómi, fọ́nrán á wú, etí á nípọn ju bó ṣe wà lọ, ilẹ̀kùn kékeré tó ń wọlé wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ kò ní wọ ojú ihò rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ìtọ́jú etí yàtọ̀ sí ìtọ́jú ojú. Ẹni tó bá ń ṣe méjèèjì bákan náà á fi ọ̀dà ṣòfò.

Èéfín lésà ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Lésà ń jó pákó bó ṣe ń gé e, etí á sì dúdú. Àwọn kan gbà pé jíjó yẹn ti dí etí náà. Kò dí i tó, tínà, ìyẹn omi olóòórùn tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, sì ń tú dúdú náà sílẹ̀: bí a bá kùn ún ní funfun láìyọ ọ́, àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú á jáde láti ìsàlẹ̀. Mo fi sáńpépà nọ́ńbà 240 ha gbogbo etí títí dúdú fi di àwọ̀ pákó. Ara rúlà irin ni mo ká sáńpépà náà mọ́. Ìka ọwọ́ lásán máa ń jẹ igun di róbótó, igun tó bá sì ti róbótó ní 1:100 á jọ ilé amọ̀ tí òjò ti lù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Eruku rẹ̀ kúnná púpọ̀, gọ́ọ̀mù sì wà nínú rẹ̀. Ẹ lo ìbòmú, kí ẹ sì ṣe é níta. Búrọ́ṣì gbígbẹ ni mo fi gbá eruku kúrò, lẹ́yìn náà àkísà tí mo ta tínà díẹ̀ sí. N kò fi omi kàn án rárá.

Kí n tó dí ohunkóhun, mo lẹ tépù tó fẹ̀ ní mìlímítà 3 mọ́ gbogbo ibi tí ògiri yóò ti pàdé ògiri. Gọ́ọ̀mù káfíńtà gbọ́dọ̀ wọ inú pákó kó tó lè dì í mú. Orí sílà, ohun tí a fi ń dí ojú pákó, ni yóò jókòó sí bí a kò bá fi ibẹ̀ sílẹ̀, a ó sì rí i tí òrùlé ń ṣí.

Àwọn etí tí ojú máa rí, bí etí òrùlé, ojú fèrèsé àti orí ògiri, ni mo fi gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà dí: ìdá méjì gọ́ọ̀mù, ìdá kan omi. Mìlílítà 40 gọ́ọ̀mù àti 20 omi ló tó gbogbo rẹ̀, sírínjì kẹ́mísì ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ìka ni mo fi rà á wọnú etí, mo sì nu èyí tó bá yọ sójú kíá. Omi inú rẹ̀ máa wú fọ́nrán díẹ̀, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù náà ló máa dì í mú bó ṣe wú, a ó sì fi sáńpépà 320 gé e wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kó sun mọ́jú. Èyí tí kò bá gbẹ dé inú kì í fọ́ di eruku, ńṣe ló ń ká bí ekòló lábẹ́ sáńpépà, á sì tú etí náà sílẹ̀ padà.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan sílà, ìyẹn sàńdìn sílà tí àwọn káfíńtà ń fi sára fọ́níṣọ̀. Ìlàjì lítà ló lọ sí gbogbo iṣẹ́ náà, ojú pákó ìsàlẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú. Àkọ́kọ́, mo pò ó ní ìdọ́gba, sílà mìlílítà 100, tínà 100, nínú agolo mílíìkì. Ẹ má fi sírínjì wọn tínà: rọ́bà orí ọ̀pá rẹ̀ á wú, kò sì ní rìn mọ́. Ẹ má sì pò ó sínú ife fóòmù, yíyọ́ ló máa yọ́. Àkọ́kọ́ yìí ń wọlé jinlẹ̀ nítorí pé ó ṣàn. Tínà máa ń rọ gọ́ọ̀mù funfun díẹ̀, nítorí náà lórí àwọn etí, búrọ́ṣì kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Bí ẹ bá padà rà á, gọ́ọ̀mù á fà tẹ̀ lé búrọ́ṣì. Ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà, fọ́nrán tó dìde ti gan, mo fi sáńpépà 320 gé wọn. Ẹ̀ẹ̀kejì jẹ́ ìdá méjì sílà sí ìdá kan tínà. Etí nìkan ló gba ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ojú méjèèjì pákó kọ̀ọ̀kan ni mo ń dí lọ́jọ́ kan náà, kódà èyí tó máa dojú kọ inú ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Bí a bá dí ojú kan tí a fi èkejì sílẹ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á máa wọ apá kan ṣoṣo, pákó á sì tẹ̀. Pákó ìsàlẹ̀ ló ń fi èyí hàn jù nítorí fífẹ̀ rẹ̀.

Lésà ti fín ìlà búlọ́ọ̀kù sára ògiri. Búlọ́ọ̀kù tó ga ní mìlímítà 225 di mìlímítà méjì ààbọ̀ ó dín díẹ̀ ní ìwọ̀n yìí, ìlà àárín wọn sì kéré bí okùn abẹ́rẹ́. Sílà tó bá ki á kún inú rẹ̀, ògiri á di pẹrẹsẹ. Lórí àwọn ògiri wọ̀nyí, sílà tó ṣàn ti àkọ́kọ́ nìkan ni mo lò, ẹ̀ẹ̀mejì, mo sì ń fi búrọ́ṣì gbígbẹ fa èyí tó bá dúró sínú ìlà jáde kó tó gan.

Ojú ọjọ́ Ìlọrin ń bá sílà jà ní àkókò méjì. Ní ìgbà òjò, bí tínà bá ń yára fẹ́ lọ, ó ń mú ojú pákó tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á dì sórí rẹ̀, sílà á sì di funfun bí ẹfun. Èyí ṣẹlẹ̀ sí òrùlé méjì tí mo kùn ní ìrọ̀lẹ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Kò bàjẹ́ pátápátá: ní ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn mú, mo fi tínà nìkan rà á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, funfun náà sì yọ́ kúrò. Láti ìgbà náà, láàárín aago mọ́kànlá àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán ni mo ń dí i. Nígbà ọyẹ́, eruku ló máa ń bà sórí rẹ̀, sílà á sì gbẹ lẹ́nu búrọ́ṣì. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀, kí ẹ fi páálí bo iṣẹ́ náà, kí ẹ sì fi tínà kún un díẹ̀ ju bí mo ṣe kọ ọ́ lọ. Ní àkókò yòówù, kò gbọdọ̀ sí sítóófù, jẹnẹrétọ̀ tàbí sìgá nítòsí. Ìbòmú aṣọ kì í dá òórùn tínà dúró, ìta gbangba tàbí yàrá tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni kí ẹ ti ṣe é.

Mo to àwọn ilé pọ̀ lẹ́yìn tí mo yọ tépù. Àlàfo igun ni mo fi eruku MDF tí mo kó jọ dí, mo pò ó mọ́ sílà títí ó fi ki bí àmàlà. Pọ́tì ọkọ̀, èyí tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀, ti ṣe ṣákaṣàka jù fún nǹkan tó kéré báyìí.

Práímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀) aláwọ̀ eérú ti àwọn tó ń kun ọkọ̀ ni mo lò, inú agolo ìfọ́n. Láti sẹ̀ǹtímítà 25 ni mo ti ń fọ́n ọn, àkọ́kọ́ bí ìrì lásán, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n tó fọ́n èyí tó bò ó. Bí ọwọ́ bá jìnnà jù, yóò gbẹ lójú ọ̀nà, ojú á sì rí pàkapàka. Nínú òkùnkùn ni mo fi tọ́ọ̀ṣì tan ìmọ́lẹ̀ sí i láti ẹ̀gbẹ́: ihò abẹ́rẹ́, irun fọ́nrán, ìlà búrọ́ṣì, gbogbo wọn ló fara hàn. Mo tún wọn ṣe, mo fi sáńpépà 400 rà á, mo sì fọ́n ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ẹ má fi práímà ọkọ̀ sórí ọ̀dà gúlọ́ọ̀sì tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí tínà inú rẹ̀ á hó gúlọ́ọ̀sì náà bí awọ ẹran.

Láti mọ̀ bóyá etí ti dí, mo kán omi kan sórí etí òrùlé tí mo ti dí, mo dúró ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó wà ní róbótó, kò tàn. Ibi tó bá ṣókùnkùn lábẹ́ omi ṣì ń mu, ó fẹ́ sílà sí i. Wákàtí 24 lẹ́yìn práímà ni mo tó fi ọ̀dà ẹ̀mọ́ṣọ̀n kùn ún.

Gíláàsì ike ojú fèrèsé kò sí níbẹ̀ ní gbogbo àsìkò yìí, tínà á fọ́ ojú rẹ̀ bí yìnyín tó là. Lẹ́yìn tí ọ̀dà gbẹ ni mo fi wọ́n sí, gọ́ọ̀mù funfun díẹ̀ ni mo sì fi lẹ̀ wọ́n. Èéfín gọ́ọ̀mù súpà máa ń ṣú ojú ike, kì í sì í ṣe é nù kúrò.