Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ fẹjọ́ sùn tí ilé ìwòsàn ò bá ṣe dáadáa l'Ékòó

Ọ̀pọ̀ wa la rò pé ibì kan náà ni wọ́n ti ń bójú tó gbogbo ilé ìwòsàn l'Ékòó, ìyẹn la ṣe ń kọ lẹ́tà síbi tí ò kàn wọ́n, tá a bá wá dúró títí tá ò gbọ́ nǹkan kan a á ní ìjọba ò rí tiwa rò. Iléeṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ ló wà lókè lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti pín iṣẹ́ náà.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú ibi tó jẹ́ ná. Sẹ́ńtà àdúgbò tí wọ́n ti ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, abẹ́ Primary Health Care Board ló wà. Tó bá jẹ́ ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà, Health Service Commission ni. Ti aládàáni àti ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? HEFAMAA ni, ìyẹn àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń ṣàbójútó àwọn ilé ìwòsàn. Òfin ọdún 2006 ló gbé àwọn yẹn kalẹ̀, àwọn ló ń fún wọn níwèé àṣẹ, wọ́n sì lè ti ibẹ̀ pa. Kẹ́ ẹ tó jókòó níbẹ̀ rárá, ẹ wo ìwé àṣẹ yẹn lára ògiri, kẹ́ ẹ wo ọdún tó wà lára ẹ̀.

Tó bá jẹ́ sẹ́ńtà, ẹ bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀ ná, tí ò bá sí àyípadà, ẹ lọ sí káńsù kẹ́ ẹ béèrè Medical Officer of Health, dókítà tó ń mójú tó sẹ́ńtà ìjọba ìbílẹ̀ yẹn nìyẹn, ẹ ò sì nílò kẹ́ ẹ mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Lẹ́tà yín ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ ṣe o. Ẹ má kọ ọ́ pé “àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ burú”, kò sẹ́ni tó lè ṣèwádìí ìyẹn. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tẹ́ ẹ débẹ̀, nọ́ńbà tó wà lára káàdì yín, ohun tí wọ́n sọ, iye tí wọ́n gbà àti bóyá wọ́n fún yín ní rìsíìtì, pàápàá tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé ni wọ́n gbowó lé lórí, torí ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sára ìkejì pẹ̀lú déètì, kẹ́ ẹ mú un lọ sílé. Ọwọ́ yín ni ẹ̀rí wà nìyẹn, tí káńsù bá dákẹ́, fọ́tòkọ́pì ẹ̀ lẹ máa so mọ́ lẹ́tà tó ń lọ sí Board.

Ti pàjáwìrì yàtọ̀ pátápátá. National Health Act ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan, tìjọba tàbí ti aládàáni, ò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ẹ̀mí ẹ̀ wà nínú ewu, ohun yòówù kó fà á. Owó ìtanràn wà fún un, ẹ̀wọ̀n náà wà fún un. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ pé wọ́n ní kí aláìsàn lọ wá dípọ́síìtì wá ná. Ẹ sọ òfin yẹn jáde lẹ́nu ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú ẹni náà, tára bá ti balẹ̀ kẹ́ ẹ wá kọ lẹ́tà.

Tó bá jẹ́ ìwà dókítà kan pàtó lẹ fẹ́ fi sùn, Medical and Dental Council ló ni ìyẹn.