Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìwádìí Wò Kí A Tó Gba Iye Inú Rẹ̀ Gbọ́

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, NBS, àjọ tó ń rí sí ètò ìṣirò ní Nàìjíríà, kéde pé 4.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún náà. Àjọ yìí kan náà ló ti sọ pé 33.3 ni wọ́n ní ìparí ọdún 2020. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn ní irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ kò sì ya wọ ìlú bí òjò. Ìtumọ̀ ẹni tó níṣẹ́ ló yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀ ni wọ́n kà sí aláìríṣẹ́. Nínú ìlànà tuntun, ẹni tó bá ti fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ owó láàárín ọjọ́ méje ti kúrò láàárín wọn, tó fi jẹ́ pé obìnrin tó kiri ẹ̀pà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ti di ẹni tó níṣẹ́.

Nítorí náà, bí àbọ̀ ìwádìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ojú ìwé tí wọ́n ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn iye mìíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ìwé ìròyìn gbé jáde. Nínú àbọ̀ tí mo ń sọ yìí, 92.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ló wà nídìí iṣẹ́ tí kò ní ààbò òfin, irú èyí tí kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ tàbí owó ìfẹ̀yìntì. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìṣòro náà ti fara hàn, kì í ṣe nínú 4.1 tí gbogbo ayé ń jà lé lórí.

Ẹ wá wo ìbéèrè fúnra rẹ̀, ní èdè tí wọ́n fi bi í. Bí wọ́n bá bi ará Ìbàdàn bóyá ìwà ìbàjẹ́ ń pọ̀ sí i, ó lè jẹ́ àwọn ọmọ tó ń mu igbó lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni yóò wá sí i lọ́kàn, nítorí pé lẹ́nu àwa Yorùbá, ìwà ìbàjẹ́ kò mọ sórí owó ìlú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í pé láàárín oṣù méjìlá sẹ́yìn, ǹjẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kankan gba ẹ̀gúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí ojú rẹ̀ rí ni yóò sọ. Ọ̀nà kejì yìí ni NBS àti UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, tọ̀ nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní 2019, níbi tí wọ́n ti rí 30.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn ta ni? Nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ da àwọn àti òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ láàárín ọdún kan ni, tí wọ́n sì san ẹ̀gúnjẹ tàbí tí wọ́n ní kí wọ́n san án. Ẹni tí kò dé ọ́fíìsì ìjọba kankan kò sí nínú ìṣirò náà, nítorí náà kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ Nàìjíríà ló san ẹ̀gúnjẹ lọ́dún náà.

Bí wọ́n ṣe yan àwọn tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ni ó gba sùúrù jù. Afrobarometer, ẹgbẹ́ tó ń wádìí èrò ará ìlú ní Áfíríkà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1999, máa ń rán ènìyàn wọ ilé dé ilé, wọ́n sì ń fi èdè tí onílé bá fẹ́ bi í ní ìbéèrè. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí 1,600 àgbàlagbà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ láìpẹ́ yìí. Ìṣirò kan wà tí ẹ lè ṣe fúnra yín: ẹ wá iye tó jẹ́ pé bí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, yóò fún wa ní 1,600, ìyẹn 40, ẹ fi pín 100, ẹ ó rí 2.5, ìyẹn ni ìwọ̀n tí èsì fi lè yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí èsì bá sọ pé 50 nínú ọgọ́rùn-ún fara mọ́ nǹkan, ó lè jẹ́ 47.5, ó sì lè jẹ́ 52.5.

Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kò lè gbani lọ́wọ́ olùwádìí tí kò tẹ̀lé ìlànà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé olùwádìí wọ agboolé kan, ó ní kí wọ́n fa káàdì láti mọ ẹni tí òun yóò bi, káàdì sì mú ìyàwó ilé tó ń gún iyán lẹ́yìnkùlé. Baálé á ní, "Kí ló mọ̀? Èmi ni kí ẹ bi." Àwọn tó wà níbẹ̀ á gbè é lẹ́sẹ̀ pé ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Oòrùn ń mú, ọ̀nà jìn, ó sì rọrùn kí olùwádìí jókòó ti bàbá kó parí iṣẹ́. Èyí tó mọṣẹ́ á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ìlànà iṣẹ́ ló ní kí á bá ìyàwó yín sọ̀rọ̀, a ò ní pẹ́," á sì mú ìjókòó lọ síbi tí etí kejì kò ti ní gbọ́. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, èrò àwọn baálé ni a ó máa kà, tí a ó sì máa pè é ní èrò ará ìlú.

Ẹ tún wá àwọn tó dákẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, NOIPolls, ilé iṣẹ́ tó ń wádìí èrò ará ìlú, bá àjọ ANAP Foundation ṣe ìwádìí lórí fóònù nípa ìdìbò ààrẹ: Peter Obi ní 23 nínú ọgọ́rùn-ún, Bọ́lá Tinúbú ní 13, Atiku Abubakar ní 10. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e pé Obi ló ń ṣíwájú. Díẹ̀ ló kíyè sí i pé 29 ní àwọn kò tíì pinnu, 23 sì kọ̀ láti sọ ẹni tí àwọn yóò dìbò fún, ìyẹn 52. Nígbà tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, kéde èsì, Obi ní nǹkan bí 25, kò sì jìnnà sí iye tí ìwádìí sọ. Tinúbú ní nǹkan bí 37, Atiku ní 29. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n nínú ìwádìí yìí, àwọn tó dákẹ́ ló pọ̀ jù.

Ní ti ìwádìí tí ìjọba fẹ́ fi ṣètò ìlú, ẹ má ṣe dúró sórí iye gbogbo orílẹ̀-èdè. Àbọ̀ ìwádìí ipò òṣì ti 2022 ní 63 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà, mílíọ̀nù 133, ló wà nínú òṣì. Ṣùgbọ́n 27 ni ti Oǹdó, 91 ni ti Sókótó. Kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n wò: wọ́n wo ìlera, ẹ̀kọ́, iṣẹ́, àti igi ìdáná tí ọ̀pọ̀ ṣì fi ń se oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí kò fi bá 40.1 nínú ọgọ́rùn-ún tí ìwádìí òṣì ti 2019 sọ mu, nítorí pé ìnáwó ilé ni ìwádìí ti 2019 fi ṣe òṣùwọ̀n.

Kí ẹ tó fi àwòrán ìwádìí kankan ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ẹ wá ìwé ìbéèrè rẹ̀. Afrobarometer máa ń gbé tirẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí mo bá wá tí n kò rí, èmi kì í fi í ránṣẹ́.