Katakata àtijọ́ tó ń kú lójijì: ẹ fi pọ́ǹpù sílẹ̀ ná, ọ̀nà epo ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò

Ẹni tí katakata dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀, tó kú sáàárín poro, tó tún jí nígbà tó yá bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é, òun la kọ ìwé yìí fún. Pọ́ǹpù ńlá tó ń ti epo lọ sí nọ́sù, ìyẹn ẹnu tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, ni ọ̀pọ̀ máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n á tú u palẹ̀ lóko, nínú eruku, pọ́ǹpù tí kò lárùn tẹ́lẹ̀ á sì bàjẹ́ lóòótọ́. Ohun tá à ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn, ó sì ń dùn wá, torí owó ńlá ló ń bá a lọ. Ẹ má tú pọ́ǹpù.

Ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe kú. Bó bá ń wúkọ́, tí agbára rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ kó tó kú, epo ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá kú lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà téèyàn paná, ẹ wo wáyà tàbí okùn tí wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnnì. Bẹ́ ẹ bá ń ṣáná sí i tí èéfín kankan ò jáde, epo ò dé nọ́sù.

Ìdérí táńkì ló kàn. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí epo ṣe ń lọ sílẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, epo ò ní lè sọ̀ mọ́. Gbàrà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, ẹ ṣí ìdérí. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ tó fa afẹ́fẹ́ ṣùù, tó sì jí lẹ́yìn náà, ẹ ti mú olè. Ẹ fi dísẹ́ẹ̀lì fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fẹ́ ihò náà mọ́. Àwọn tó sọ ìdérí nù tí wọ́n wá fi nylon so ẹnu táńkì, ẹ wo nylon náà lẹ́yìn iṣẹ́: á ti wọnú, á le gan-an. Ẹ ra ìdérí.

Bí táńkì bá ga ju ẹ́ńjìnnì lọ, ẹ tú hóòsì tó wọ pọ́ǹpù kékeré tó ń fa epo, kẹ́ ẹ jẹ́ kí epo máa ya sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ fún ìṣẹ́jú 2. Bó bá kọ́kọ́ ya dáadáa tó wá tín-ín-rín, ìdọ̀tí ló ń kó jọ sẹ́nu ihò ìsàlẹ̀ táńkì. Bí ẹ́ńjìnnì bá sinmi, ìdọ̀tí á ṣubú kúrò níbẹ̀. Ìdí tó fi ń tún jí nìyẹn. Ẹ gbẹ táńkì, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ tẹ hóòsì rọ́bà náà wò pẹ̀lú: ó lè dán lóde kí inú rẹ̀ ti wú.

Láràárọ̀, kẹ́ ẹ tó ṣáná, ẹ da omi inú ife gíláàsì abẹ́ táńkì nù. Bí rọ́bà etí rẹ̀ bá ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ wọlé láìjẹ́ pé epo ń jò. Tẹ́ ò bá rántí ìgbà tẹ́ ẹ pààrọ̀ fílítà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lónìí.

Ẹ wá lé afẹ́fẹ́ jáde. Gíà ní nútírà, búréèkì ọwọ́ lókè. Ẹ dẹ súkúrù orí fílítà, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ ti pọ́ǹpù kékeré náà títí epo tó ń jáde kò fi ní hó mọ́, kẹ́ ẹ fún un pa nígbà tó ṣì ń ṣàn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí súkúrù afẹ́fẹ́ ara pọ́ǹpù ńlá, súkúrù yẹn nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù ní ìlàjì yíyí, kẹ́ ẹ ṣáná fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ sinmi ìṣẹ́jú 2. Bí epo bá ti ń jáde níbẹ̀, ẹ fún nọ́ọ̀tì náà pa. Ẹni tó bá ń yí kọ́kọ́rọ́ láìsinmi ń ba bátìrì jẹ́. Ẹ má fọwọ́ wá ibi tó ń jò lára páìpù yìí láé! Epo ibẹ̀ lágbára débi pé ó ń gún awọ ara wọlé. Bó bá gún yín, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bí ojú ọgbẹ́ tiẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́.

Bí epo bá ń ya dáadáa, tí kò hó, síbẹ̀ tó ń kú bó bá ti gbóná, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ pe ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán pọ́ǹpù wò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un: ìṣẹ́jú mélòó ló lò kó tó kú, irú èéfín tó yọ, àti ohun tẹ́ ẹ ti pààrọ̀.