Wáyà Ni Kí Ẹ Mú Gbóná, Kì í Ṣe Léèdì: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tó Ń Tọ́ Ọmọ Ẹja ní Ìkòròdú

Ọmọ ẹja àrọ̀ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì lè yọrí sókè wá mí bí ìyá rẹ̀. Bí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi bá kú lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti léfòó. Èyí ti ṣẹlẹ̀ sáwọn àgbẹ̀ wa ní Ìkòròdú. Nígbà tí a tú nǹkan wò, bátìrì ò ní àrùn kankan, ẹ̀rọ ò sì bàjẹ́. Ojú ibi tí wọ́n ti fi léèdì, ìyẹn irin rírọ̀ tí a máa ń yọ́ sórí wáyà, lẹ wáyà pọ̀ ló já.

Àṣìṣe kan náà là ń rí ṣáá: ẹ ó yọ́ léèdì sẹ́nu irin gbígbóná tí a fi ń lẹ wáyà, ẹ ó wá kán an sórí wáyà tútù. Ó máa dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wọlé. Ẹ fi èékánná yọ ọ́ wò, á ṣí bí èépá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà kúrò lára bátìrì. Ẹ bó rọ́bà rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2. Bí bàbà inú rẹ̀ bá ti dúdú tàbí tó ti ń yọ àwọ̀ ewé, ẹ gé e títí ẹ ó fi kan ibi tó ń dán. Omi tó ń ta sí i lẹ́bàá táǹkì ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ́ ẹnu wáyà méjèèjì tí ẹ fẹ́ lẹ pọ̀ mọ́ra kó le, torí léèdì kì í ṣe okùn.

Irin 40 sí 60 wátì ti tó. Ẹ nu ẹnu rẹ̀ mọ́, ẹ fi sábẹ́ wáyà fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 sí 5, kí léèdì wà lókè. Wáyà fúnra rẹ̀ ni kó yọ́ léèdì. Bí kò bá tíì yọ́, ẹ ní sùúrù. Ẹ má torí ìkánjú fi léèdì kan irin. Léèdì 60/40 (ìdá 60 tánńganran, ìdá 40 òjé) máa ń yọ́ pátá ní nǹkan bí 190 dígírì. Tó bá wọlé, ẹ ó ṣì máa rí ìlà fọ́nrán wáyà lábẹ́ rẹ̀. Tó bá kóra jọ róbótó sójú kan, ẹ tún un ṣe. Ẹ gbé irin kúrò, kí wáyà má mì rárá fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má sì rì í sómi.

Léèdì tó ní rọ́sìn (oje igi tó ń jẹ́ kí léèdì wọlé) nínú ni kí ẹ rà. Ásíìdì tí àwọn tó ń lẹ gàrawa ń lò kò wà fún wáyà. Ńṣe ni yóò máa jẹ bàbà lọ lábẹ́nú.

Ìdá 40 nínú 100 léèdì yìí, òjé ni, májèlé sì ni òjé. Lọ́dún 2010 ní Zamfara, òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti wá góòlù pa ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọmọdé. Nítorí náà, ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí nílé ìdáná, ẹ má fi léèdì dí ìkòkò ọbẹ̀ tàbí gàrawa omi mímu, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kan èérún rẹ̀. Ọṣẹ ni kí ẹ fi fọwọ́ kí ẹ tó jẹun.

Ẹ wé téèpù dúdú mọ́ ọn ní ìlọ́po 3, ẹ so wáyà mọ́ òpó kó má baà máa fà. Ẹ tan ẹ̀rọ náà mọ́jú fún odidi òru kan kí ẹ tó kó ọmọ ẹja sínú omi.